Láti Ìgbó-Ọrà Dé Ọjà Aswani: Ṣé Iṣẹ́ Wa Ló Dín Kù ni, àbí Oúnjẹ Wa Ló Yí Padà?

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá ti mọ́ ní Ìsọlọ̀, ọ̀nà kì í gba ẹsẹ̀ mọ́ ní ọjà Aswani. Láti Múṣin, láti Èjìgbò, láti Òṣòdì àti láti òdìkejì Èkó ni àwọn oníṣòwò ti ń rọ́ wọbẹ̀. Aṣọ àlòkù tí àwọn àgbà ń pè ní bọ́síkọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, bàtà wà níbẹ̀, àpò, aṣọ ọmọdé, ìkòkò àti àwo, títí kan ohun èlò ọbẹ̀. Alábàárù ń gbé ẹrù lérí, oníbàárà ń já ọ̀nà wọ inú èrò, ẹni tó ń tajà sì wà lórí ìdúró láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Kò sí ẹni tí yóò rí wọn tí yóò pè wọ́n ní ọ̀lẹ.

Síbẹ̀, ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ káàkiri Èkó, àwọn tó ń ta tíì tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé kì í wá oníbàárà tì. Àwọn tó ń ra á kì í ṣe olówó tó jókòó sínú ọ́fíìsì tútù nìkan. Obìnrin tó ti dúró láti òwúrọ̀, tó gbé ẹrù sọ̀ tó tún gbé e rù, wà lára wọn. Ohun tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ń béèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti orúnkún dídùn wà nídìí rẹ̀. Ó fẹ́ mọ ìdí tí ara òun fi ń fẹ̀ sí i nígbà tó jẹ́ pé òun kì í sinmi.

Ìdáhùn tí ó sábà máa ń gbọ́ ni pé kò ṣe eré ìdárayá tó. Wọ́n á ní àwọn baba ńlá wa ń roko, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn, ìdí nìyẹn tí ara wọn fi lẹ. Àwa ń wọ ọkọ̀, a sì ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n ìtàn wà tí a lè fi wọ̀n ọ́n, ilẹ̀ Yorùbá gan-an sì ni apá tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀.

Ibi tó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni orúkọ ọjà náà. Aswani kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan tí àwọn ará Íńdíà dá sílẹ̀ ní Ìsọlọ̀ ni, òun ni ọjà àti àdúgbò fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Lẹ́yìn òmìnira 1960 ni irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń hù bí olú káàkiri Ìkẹjà, Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì. Nígbà tí wọ́n wà lógo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ àgbẹ̀ fi oko sílẹ̀ wá síbẹ̀. Ẹ̀rọ ìhunṣọ kì í sùn. Nítorí náà, irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń pín òṣìṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba òwúrọ̀, àwọn kan gba ọ̀sán, àwọn yòókù gba òru. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ayé ọ̀pọ̀ wọn, agogo ló ń sọ ìgbà tí wọn yóò jẹun, kì í ṣe oòrùn, kì í sì í ṣe ebi.

Lóko tí wọ́n ti wá, oúnjẹ ní àkókò tirẹ̀. Ẹ̀kọ àti àkàrà, tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣíjú àárọ̀. Lọ́sàn-án, àgbẹ̀ a sun iṣu lóko, yóò fi epo pupa díẹ̀ àti iyọ̀ jẹ ẹ́. Nígbà tó bá dé ilé nírọ̀lẹ́ ni yóò tó rí oúnjẹ gidi: iyán, àmàlà tàbí ẹ̀bà, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ewé pọ̀ nínú rẹ̀ ju ẹran lọ. Ẹran ńlá di ọjọ́ ọdún. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kò sí iná mànàmáná tí yóò mú kí ojú là dòru, kò sì sí ìyá oníbúrẹ́dì ní ìkóríta ní aago mẹ́wàá alẹ́.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn yìí bo àìtó ìgbà náà mọ́lẹ̀. Ìyàn máa ń mú ní àkókò tí iṣu tuntun kò tíì jáde, àwọn ọmọdé tí kò rí ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja jẹ tó sì ń ṣàìsàn nítorí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara sísan fi jẹ́ ìyìn lẹ́nu Yorùbá. Bí ẹnìkan bá ti ìrìn àjò dé tí ara rẹ̀ ń dán tó sì sanra, wọ́n á ní ayé ń yẹ ẹ́. Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Ní ìgbà tí oúnjẹ ṣọ̀wọ́n, òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ náà. Àdánwò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oúnjẹ tó rọrùn láti rí bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, tí ìyìn náà kò sì yí padà.

Díẹ̀díẹ̀ ni oúnjẹ tuntun náà wọlé. Ní 1913, ọmọ Jàmáíkà kan tó ń jẹ́ Amos Shackleford wá sí Èkó láti ṣiṣẹ́ ní Rélúwéè. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀, òun ni wọ́n sì wá ń pè ní ọba búrẹ́dì Nàìjíríà. Ní 1953, ilé-iṣẹ́ Nigerian Bottling Company bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Coca-Cola sínú ìgò ní Èkó. Wọ́n dá Flour Mills of Nigeria sílẹ̀ ní 1960, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní Àpápá ní 1962. Àlìkámà kì í ṣe irúgbìn ilẹ̀ Yorùbá, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o wá. Ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ òwúrọ̀ kò ráyè dúró de ẹ̀kọ kó jinná. Búrẹ́dì ti jinná sílẹ̀, ó sì ṣeé jẹ nínú ọkọ̀.

Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé. Ìgbà Udoji, tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fò sókè tí wọ́n sì gba àjẹsílẹ̀ rẹ̀ ní 1975, ni àwọn àgbà ṣì fi ń ka ọjọ́. Ìrẹsì tó jẹ́ oúnjẹ Kérésì àti Iléyá fún ọ̀pọ̀ ilé di oúnjẹ ọjọ́ gbogbo. Òróró inú ike bẹ̀rẹ̀ sí í bá epo pupa du àyè, nǹkan díndín sì gbòde. Nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọlé ní 1987, ìlú ké, búrẹ́dì sì wọ́n bí ojú. Ìfòfindè náà kò pé ọdún mẹ́fà tí ìjọba fi yí ohùn padà, nítorí búrẹ́dì ti kúrò ní oúnjẹ àlejò. Ní 1988 ni Indomie wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ní 1995, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀tà. Oúnjẹ tó ń jinná láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ti dé.

Bí a bá to àwọn ọdún wọ̀nyí tẹ̀ lé ara wọn, a ó rí i pé kò sí ìran kan tó jókòó pinnu pé òun fẹ́ sanra. Àìráyè ló ń ti ọwọ́ wọn sí oúnjẹ tó yá, oúnjẹ tó yá sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí agbára pọ̀ sínú rẹ̀ nínú ìwọ̀n kékeré.

Agbára inú oúnjẹ yìí ni àwọn onímọ̀ ń fi kálórì wọ̀n. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà kan, Wilbur Atwater, kọ́ yàrá kan tí ènìyàn lè gbé inú rẹ̀, ó sì ń wọn ooru tí ara onítọ̀hún ń mú jáde. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni ìṣirò tí gbogbo ayé ń lò ti jáde: gíráàmù kan èròjà afúnnilókun inú iṣu àti gààrí ń fún ara ní kálórì 4, gíráàmù kan èròjà amúaradàgbà inú ẹ̀wà àti ẹran ń fún un ní 4, gíráàmù kan ọ̀rá tàbí epo sì ń fún un ní 9. Ní 1918, dókítà obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Lulu Hunt Peters, gbé ìwé jáde tó fi kọ́ àwọn ènìyàn láti máa ka kálórì bí wọ́n bá fẹ́ fọn. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara ti dà bí ìwé ìṣirò: ohun tó wọlé, ohun tó jáde.

Ìṣirò náà kò parọ́. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan òróró tó kálórì 120. Bí alásè bá da irú ṣíbí bẹ́ẹ̀ méjì sí ọbẹ̀ ẹnìkan, ohun tó dà sí i sún mọ́ agbára tó wà nínú iṣu sísè gíráàmù 200. Iṣu náà yóò hàn nínú àwo, yóò sì wúwo nínú ikùn. Òróró kò ní hàn. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò sẹ̀ǹtílítà 50 ní nǹkan bí kálórì 200 nínú, kì í sì í dí ikùn rárá. Kí ènìyàn tó lè fi ẹsẹ̀ rírìn jó irú agbára bẹ́ẹ̀ dànù, yóò yára rìn fún nǹkan bíi wákàtí kan.

Ibi tí ìṣirò náà ti ń tan ènìyàn jẹ ni apá kejì, ìyẹn ohun tó ń jáde. Gbogbo ènìyàn gbà pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ jù ni yóò jó agbára dànù jù. Ìgbó-Ọrà ló wá da ìbéèrè sí ọ̀rọ̀ náà.

Ìgbó-Ọrà, ní Ìbàràpá, jẹ́ ìlú tí ayé mọ̀ fún ìbejì. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti gbé ètò ìlera kalẹ̀ sí agbègbè náà, tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà fi ń lọ gbé láàárín àwọn ará ìlú. Nítorí náà, nígbà tí Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Loyola ní Chicago fẹ́ mọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi ń bá àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà jà tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n wá, wọ́n sì bá àwọn onímọ̀ Ìbàdàn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 1997 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní erékùṣù Karibíà, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, òwò ẹrú ló tú wọn ká. Bí ó bá jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ àjogúnbá nìkan ni àìsàn náà wà, iye wọn ì bá má yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ara ṣe ń tóbi sí i láti Áfíríkà dé Amẹ́ríkà ni àìsàn náà ń pọ̀ sí i.

Ìbéèrè tó kù ni pé kí ló mú ara tóbi. Amy Luke, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ Loyola náà, gbé àbájáde iṣẹ́ mìíràn jáde ní 2009. Obìnrin 149 láti àwọn ìlú kékeré ní Nàìjíríà àti obìnrin aláwọ̀ dúdú 172 láti agbègbè Chicago ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọn kò kàn bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Wọ́n fún wọn ní omi tí a ti sàmì sí èròjà inú rẹ̀ mu, wọ́n sì ń yẹ ìtọ̀ wọn wò láti mọ iye agbára tí ara wọn jó dànù gan-an. Àwọn obìnrin Nàìjíríà ń wọn nǹkan bíi kílò 58, àwọn ti Chicago ń wọn bíi 83. Ó yẹ kí obìnrin abúlé, tó ń pọnmi, tó ń ṣẹ́gi, tó ń gúnyán, ti jó agbára dànù ju ẹni tó ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò tó mú ìyàtọ̀ ìtóbi ara kúrò, iṣẹ́ òòjọ́ ń jó nǹkan bíi kálórì 800 dànù lójúmọ́ lára àwọn obìnrin Nàìjíríà, 760 lára àwọn ti Chicago. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé kò tó nǹkan tí a lè gbára lé. Wọ́n tún tẹ̀ lé àwọn obìnrin náà fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tó ń jó agbára dànù jù kọ́ ni kò sanra. Oúnjẹ ni àwọn onímọ̀ náà wá nawọ́ sí. Oúnjẹ ti Nàìjíríà jẹ́ oúnjẹ afúnnilókun tó ní háhá, ọ̀rá àti ẹran inú rẹ̀ kò pọ̀. Nínú oúnjẹ ti Chicago, ọ̀rá nìkan ń pèsè ìpín 40 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún kálórì, oúnjẹ inú páálí àti inú agolo sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ní 2012, Herman Pontzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ọdẹ Hadza ní Tàǹsáníà: àwọn tó ń rìn kiri igbó lójoojúmọ́ kò jó agbára dànù ju àwọn ará ìlú Amẹ́ríkà lọ, bí a bá fi ìtóbi ara wọn sí ìṣirò. Ó jọ pé ara ń ṣọ́ agbára rẹ̀ ná. Ohun tó bá ná lórí iṣẹ́, yóò wá ibòmíràn tí yóò ti dín in kù.

Èyí kò sọ pé eré ìdárayá kò wúlò. Ó ń tẹ ẹ̀jẹ̀ ríru lórí ba, ó ń bá ara lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ó ń mú ọkàn àti iṣan le, ó sì ń ran ẹni tó ti fọn lọ́wọ́ kó má tún sanra padà. Ohun tí kò lè ṣe dáadáa ni kó máa jó ohun tí ẹnu ń kó wọlé láìsí òṣùwọ̀n. Ìyá tó ń ṣe làálàá ní Aswani kò sanra nítorí pé ó ya ọ̀lẹ. Ẹ̀bi tí wọ́n ń dì lé e lórí kì í ṣe tirẹ̀.

Irú oúnjẹ náà tún ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2019, Kevin Hall gbé àbájáde ìwádìí kan jáde láti ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà. Ènìyàn 20 ló gba sínú ilé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jẹ oúnjẹ tí ilé-iṣẹ́ ńlá ti ṣe kọjá ààlà, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jẹ oúnjẹ tí a sè láti inú ohun tútù. Kálórì tí wọ́n gbé síwájú wọn dọ́gba, wọ́n sì ní kí wọ́n jẹ dé ibi tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Nígbà oúnjẹ ilé-iṣẹ́, wọ́n jẹ nǹkan bíi kálórì 500 lé lójúmọ́, wọ́n sì fi bíi kílò kan sanra. Nígbà oúnjẹ kejì, iye kílò náà ni wọ́n fi fọn.

Àkókò oúnjẹ ńkọ́? Lórí èyí ni àròyé pọ̀ sí jù lónìí, nítorí àwọn kan ń polówó ààwẹ̀ bí ẹni pé oògùn ni. Ẹni tó ń tajà ní Aswani lè má fi nǹkan gidi kan ẹnu láti òwúrọ̀ àyàfi ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìpanu àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kó tó délé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó sì jẹ oúnjẹ ẹni mẹ́ta. Ní 2013, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún ọ̀sẹ̀ 20 lórí ènìyàn 420 ní Sípéènì fi hàn pé àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán lẹ́yìn aago mẹ́ta kò fọn tó àwọn tó ń tètè jẹ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kálórì wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Guangzhou, ní Ṣáínà, pín ènìyàn 139 tó sanra jù sí ọ̀nà méjì. Gbogbo wọn dín kálórì kù, àmọ́ apá kan kò gbọ́dọ̀ jẹun àyàfi láàárín aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn wọ̀nyí fi kílò 8 fọn, àwọn tó ń jẹ nígbà tó wù wọ́n fi 6.3 fọn. Àwọn onímọ̀ náà ní ìyàtọ̀ yẹn kò tó ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé.

Àkókò, nígbà náà, jẹ́ olùrànlọ́wọ́. Ẹni tó bá tètè jẹun kò ní fi ebi àgbájọ wọ inú ìkòkò lóru. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni ọba. Ẹni tó gbààwẹ̀ láti òwúrọ̀ tó sì fi púfù-púfù, ìrẹsì àti ẹran díndín ṣínu títí dòru kò tíì yọ ohunkóhun kúrò nínú ìṣirò. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ febi pa ara rẹ̀ láìbá dókítà sọ̀rọ̀, nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì.

Ìtàn yìí kò tíì parí. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ní Èkó ti kógbá sílé, tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn sì di oníṣòwò. Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, oúnjẹ wọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ̀wà, ẹja àti èso ń jìnnà sí tálákà, ohun tó sì máa ń kù fún un ni ohun tó yára yó ni. Nípa bẹ́ẹ̀, ara títóbi kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ àmì ọrọ̀ mọ́. Ènìyàn lè sanra kí ebi oúnjẹ aṣaralóore sì máa pa á.

Ní ọjà, kò sí ẹni tó ń ra gààrí láìwo kóńgò. Oníbàárà yóò rí i dájú pé ìdí rẹ̀ kò tẹ̀ wọnú, yóò sì bẹ ìyá ọlọ́jà pé kó fi ènì lé e. Nígbà tí gààrí náà bá dé ilé, a ò ní wọ̀n ọ́n mọ́, bẹ́ẹ̀ ni a kì í wọn òróró tó ń lọ sínú ọbẹ̀ tí a ó fi jẹ ẹ́. Kí ìyá náà tó ná owó rẹ̀ sórí tíì, ṣíbí kan tó wà nínú ilé ìdáná rẹ̀ lè ṣe é lóore ju bẹ́ẹ̀ lọ: kó fi wọn òróró, kó dá ewé padà sínú ọbẹ̀, kó fi omi rọ́pò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kó sì jẹun gidi kí ọjà tó tú. Àwọn obìnrin Ìbàràpá kò gba oògùn kankan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó wà nínú ìkòkò wọn ló yàtọ̀.